Orí Kẹta: Tọ́bò Tó Pòṣé Sí Àgbà

"Ta ló pòṣé?"

Igi ìrókò tó wà létí ọ̀nà ló béèrè, tàbí kí n kúkú sọ pé Etí tí ìjọba so mọ́ ọn lára. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Kọ́nà Àgbà ni, eruku wa kò tíì balẹ̀, ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ṣàdédé kú. Ṣíjúadé, ìyàwó ọmọ mi, tó ń wa ọkọ̀, gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sítíárì, ó sì wò mí. Èmi ni àgbà inú ọkọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Etí, èmi ni mo ń dáhùn.

"Kò sẹ́ni tó pòṣé," ni mo wí. "Ọkọ̀ ló mí."

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, òṣé ni," ni Etí fèsì. Ohùn rẹ̀ tutù nini, ọ̀wọ̀ kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú. "Òṣé gígùn ni, iwájú àga Olóyè Adérìbigbé, Olórí Ìgbìmọ̀ Ọ̀wọ̀, ló sì ti jáde. Òṣé àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ ni. Bí ẹlẹ́ẹ̀kejì bá wáyé, a ó gba sítíárì lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí wa. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó, mà."

"Mo ti darúgbó ná," ni mo wí, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ti tún gbiná, Ṣíjúadé sì ti tẹ epo.

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè pé kí ni ìyá àgbà bíi tèmi ń wá nínú ọkọ̀ eré, tí mo dé akoto lé gèlè lórí. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ sáré lórí òkè gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa pe ọ̀nà fún un: kọ́nà òsì, kọ́nà ọ̀tún, kòtò, ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń pe ọ̀nà, a kò gbọdọ̀ bá a jiyàn, torí pé kí iyàn tó parí, ọkọ̀ á ti dé inú ọ̀gbun. Ta wá ni obìnrin kì í bá jiyàn nílùú Òkè-Ìṣàgun bí kò ṣe ìyá ọkọ rẹ̀? Dàpọ̀ ọmọ mi gbìyànjú iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jiyàn kọ́nà kan títí wọ́n fi bá ara wọn nínú oko kòkó.

Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń yí òkè náà ká lọ́dọọdún. A ti parí ti àkọ́kọ́ nìyẹn. A yà sábẹ́ àgọ́ Kọ́rẹdé, mẹkáníìkì wa, kí ó wo ọkọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Àpótí tí mo fẹ́ jókòó lé kí mi pé ẹ kú ọ̀sán, mà, ó béèrè àlàáfíà orúnkún mi, ó wá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀wọ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí n jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dìde dúró," ni mo sọ fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni àpótí wí, ó sì gbéra díẹ̀.

Mo kọjú sí Kọ́rẹdé. Gìrìpá ọkùnrin ni, àwọ̀ ara rẹ̀ àti ti epo dúdú kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́. "Kí ni ọkọ̀ yìí ń pòṣé sí?"

"Màmá, kì í ṣe òṣé. Tọ́bò ni." Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó sì nawọ́ sí irin kan tó ká bí ìkarahun ìgbín. "Èéfín tí ẹ́ńjìnnì bá tú síta, a kì í jẹ́ kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ìkarahun yìí ló ń gbà kọjá, ó sì ń yí fáànù kékeré kan. Irin kan ṣoṣo ló so fáànù yẹn pọ̀ mọ́ èkejì lódìkejì. Bí ti èéfín bá ń yí, èkejì náà á máa yí, òun ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti ìta, tó ń kì í mọ́ ẹ́ńjìnnì nínú. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ọtí tó lè jó níbẹ̀ á pọ̀, agbára náà á pọ̀."

Ọtí ẹ̀gẹ́ ni ọkọ̀ wa ń mu. Mo máa ń sọ fún Ṣíjúadé pé òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń rọ ọtí fún ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ ń sáré.

"Súfèé tí mo máa ń gbọ́ tí a bá ń gun òkè ńkọ́?"

"Fáànù ló ń sáré, Màmá. Bí ó bá ṣe ń yára sí i ni súfèé náà ń lọ sókè sí i."

"Kí ló wá dé tí kì í tètè dáhùn? Ọmọ yìí á tẹ epo, èmi á ti di ìjókòó mú, ọkọ̀ á ṣì máa ronú."

"Ó dà bíi Dàpọ̀, mà," ni Ṣíjúadé wí. "Ẹ rán an níṣẹ́, á ní òun ń bọ̀. Kò tíì dìde."

Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, nítorí náà mo fi ara mọ́ ọn.

"Èéfín ní láti kọ́kọ́ pọ̀ kí fáànù tó lè sáré," ni Kọ́rẹdé wí. "Òṣé tí wọ́n ń pè ní òṣé yẹn, bí Ṣíjúadé bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo ní kọ́nà ni. Ẹnu ọ̀nà ẹ́ńjìnnì á pa dé lójijì, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti kì wá á wá di àlejò tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Fáàfù kékeré yìí ló ń ṣí fún un pé kó gba ibẹ̀ jáde. Bó bá ń jáde ló ń ṣe báyìí." Ó fi eyín àti ahọ́n rẹ̀ ṣe é, ṣàà, ó gùn, ó sì dùn létí.

Àpótí tí mo jókòó lé gbọ̀n. "Ẹ jọ̀wọ́, sà," ó ní, "àgbà wà lórí wa."

"Dí fáàfù náà," ni mo wí.

"Mo lè dí i. Afẹ́fẹ́ á padà sẹ́yìn, á máa gbá ewé fáànù bó ti ń lọ. Tututututu."

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," ni àpótí tún wí, "a kì í fi àgbà rẹ́rìn-ín."

Kọ́rẹdé na ìka sí àpótí. "Ẹ ti gbọ́. Òṣé ní ìkìlọ̀. Ẹ̀rín ẹ̀gàn kò ní, wọ́n á gba sítíárì lójú ẹsẹ̀. Tọ́bò pàápàá kò sì ní pẹ́ bàjẹ́ pẹ̀lú irú ìgbátí bẹ́ẹ̀."

"Bí n kò bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo rárá ńkọ́?" ni Ṣíjúadé béèrè.

"Ọ̀gbun ló wà níwájú kọ́nà yẹn," ni mo wí. "Ìdí nìyẹn tí Ìgbìmọ̀ ṣe gbé àga wọn síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa wo ojú wa nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá."

"Kí n wá máa rọra lọ láti ìsàlẹ̀."

"Bí o bá rọra lọ, wọ́n á ti ká àsíá òpin eré kúrò lórí afárá kí o tó dé."

Ṣíjúadé ń fi àtàǹpàkò nu eruku lórí akoto rẹ̀, ibi kan náà ló sì ń nù. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí pé ohun tí èmi náà ń rò ni. Ilé wa wà lórí ṣóńṣó òkè, níbi tí ọkọ mi kọ́ ọ sí kó tó kú. Ọkọ̀ onígbọràn, ìyẹn ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ tí gbogbo ìlú ń wọ̀, kì í gun ọ̀nà ilé wa. Kì í ṣe pé agbára rẹ̀ kò gbé e. Ó ní bí òun bá ń gun òkè, imú òun á nà sókè, àti pé ọmọlúàbí kì í na imú sókè nígbà tí àgbà bá wà nínú òun. Ẹni tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ nìkan ló lè gbé ilé wa. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa fi ọwọ́ wa ọkọ̀, dandan ni kí ó parí eré òkè lọ́dọọdún láìṣàfojúdi.

Bí wọ́n bá gba sítíárì lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ mi, Ilé Àpọ́nlé, ibi tí wọ́n ń kó àwọn àgbà sí nísàlẹ̀ ìlú, ni wọ́n máa gbé mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi Ìyá Fadérera ti wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó ní òjò máa rọ̀. Ògiri ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ilẹ̀kùn ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n gbé agbòjò fún un, wọ́n sì ká gbogbo aṣọ tí wọ́n sá sílẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá Dàpọ̀, jọ̀wọ́, sọ pé irọ́ ni mo ń pa." Omi wà lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ilé yẹn ń bà mí ju ẹ̀rù ikú lọ, n kò ní fi pa mọ́.

"Ó ku ọ̀nà kan," ni Kọ́rẹdé wí. Ó wọ inú ọkọ̀, ó sì fi bọ́tìnì pupa kan hàn mí tó ti kàn mọ́ iwájú ìjókòó mi. "Ẹ̀yin ni ẹ ó tẹ èyí, Màmá, torí ọwọ́ Ṣíjúadé kò ní ráyè. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ọtí díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ á sá kọjá lọ sínú páìpù èéfín, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbiná. Iná yẹn á máa yí fáànù lọ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ṣì wà lórí epo. Tọ́bò kò ní sùn, fáàfù kò ní ṣí, òṣé kò ní sí. Bí Ṣíjúadé bá sì tún tẹ epo, ọkọ̀ á dáhùn lójú ẹsẹ̀."

"O ti ní bọ́tìnì yìí lọ́wọ́, o jẹ́ kí wọ́n kìlọ̀ fún wa?"

"Ariwo rẹ̀ ló pọ̀, Màmá. Á máa ró bí ìbọn."

Kọ́rẹdé wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àpótí mi bí ẹni tó fẹ́ bá a dọ́rẹ̀ẹ́. "Jọ̀wọ́, ṣé ó tọ́ kí ìbọn ró níbi tí àgbà jókòó sí?"

"Ó tọ́, sà," ni àpótí wí. "Ẹ̀yẹ ńlá ni fún àgbà."

Ara mi yá gágá. A wo ara wa, a sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bi í ní ìbéèrè kejì.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì nìyẹn. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ń pe ọ̀nà, Ṣíjúadé ń gbà á bí mo ṣe ń sọ ọ́, súfèé tọ́bò sì ń ga sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn súfèé yẹn. Ó máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tó ń mú ìròyìn ayọ̀ bọ̀. Bó bá ti dé tán, ẹ̀yìn mi á lẹ̀ mọ́ ìjókòó, n kò ní rántí pé mo ní orúnkún.

"Ọ̀tún, gígùn. Kòtò, gba apá òsì. Kọ́nà Àgbà ló kàn, òsì, ó ká gan-an."

Mo rí wọn lókè lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ Ọ̀wọ̀ lábẹ́ ìbòòji, Olóyè Adérìbigbé láàárín wọn pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ osùn. Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnì. Ọkàn mi sọ pé, ìwọ àgbà yìí, ṣé o fẹ́ yin ìbọn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni? Mo rántí Ìyá Fadérera àti agbòjò rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ṣíjúadé gbé ẹsẹ̀. Òṣé kò jáde. Ohun tó jáde ni gbàù, gbàù, gbàù, gbàù, iná sì ń yọ lẹ́nu sàlẹ́ńsà bí a ti ń yí kọ́nà. Ẹyẹ fò lórí gbogbo igi. A jáde ní kọ́nà náà pẹ̀lú eré tí a kò sá rí láti ọjọ́ tí a ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo ń retí kí ẹ́ńjìnnì kú. Kò kú.

"Ẹ ṣeun, ọmọ," ni Etí orí ìrókò wí. "Ẹ̀yẹ yín dé etí wa." Ohùn rẹ̀ wá jáde láti ara gbogbo igi lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ̀yin ará Òkè-Ìṣàgun, ìbọn ẹ̀yẹ ti ró níwájú Olóyè Adérìbigbé. Bàbá ti papòdà. Kí gbogbo ẹ̀rọ dúró fún ọ̀fọ̀."

Ṣíjúadé wò mí. Mo wo iwájú.

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Ta ló ń yin ìbọn fún àgbà lójú ọ̀nà nílùú wa bí kò ṣe àwọn ọdẹ lọ́jọ́ ìsìnkú? Àwọn tó kọ́ Etí ní gbogbo ariwo ìlú, ibi òkú ni wọ́n ti gba ti ìbọn. Nísàlẹ̀ òkè, a rí gbogbo ọkọ̀ onígbọràn tí wọ́n ń tẹ imú balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí iná wọn sì ń kú; ọkọ̀ wa tó yin ìbọn ẹ̀yẹ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

"Màmá," ni Ṣíjúadé wí, "ẹ wo ẹ̀yìn."

Mo wo dígí. Olóyè Adérìbigbé ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ká agbádá sí èjìká, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹnu mi fẹ́ sọ fún Ṣíjúadé pé kó má dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí bíréèkì kí n tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé mi dé Gbọ̀ngàn Ìlú," ni Olóyè wí nígbà tó dé. Kò lè mí dáadáa. "Wọ́n ní mo ti kú. Mo bá Etí sọ̀rọ̀, mo ní ohùn mi nìyí. Ó ní òun ti tọ́jú ohùn mi pa mọ́, pé kí n sùn un re. Etí ni, kò ní ojú. Gbọ̀ngàn nìkan ni èèyàn ti lè fi ara hàn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá wọ̀, ikú mi ti wọ ìwé ìlú nìyẹn."

"Ọkọ̀ tí ẹ bá wá ńkọ́, sà?" ni Ṣíjúadé béèrè.

"Ó kọ̀ láti gbé mi. Ó ní òun kì í gbé òkú láìsí pósí."

Ìjókòó méjì ló wà nínú ọkọ̀ eré. Orí táyà tí a gbé sẹ́yìn ni Olórí Ìgbìmọ̀ Ọ̀wọ̀ jókòó sí, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ìjókòó tèmi kò kí i. Ṣíjúadé tẹ epo, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, mo kánjú wá bọ́tìnì pupa náà, ó sì ti yọ́ mọ́ ibi tí wọ́n kàn án sí. Ṣíjúadé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo. Ṣàà. Ara mi le. Ṣùgbọ́n kò sí igi kankan tó sọ̀rọ̀. Àgbà tó ti kú, ta ní ń pòṣé sí i?

"Kí nìyẹn?" ni Olóyè béèrè lẹ́yìn wa.

"Tọ́bò ni, sà," ni Ṣíjúadé wí. "Ẹ dárí jì í. Ọ̀nà tó ń gbà mí nìyẹn."

Kọ́nà kejì, ṣàà. Ẹ̀kẹta wà lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, ó sì gùn ju àwọn tó kù lọ. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, mo rò pé ẹ̀rù ń ba bàbá ni. Nígbà tí mo yí orí padà, ẹ̀rín ló ń rín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Tinúadé ni," ó ní. "Ìyàwó mi. Bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ nídìí oúnjẹ. Ìyá Dàpọ̀, láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó pòṣé sí mi mọ́. Ẹ rò pé mo dẹ́kun sísọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ni? Lánàá, mo ní ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè dùn. Iyọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Fìríìjì, àdògán, àga, gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo pe kọ́nà tó kàn.

Afárá wà nísàlẹ̀ òkè, àsíá ṣì wà lórí rẹ̀. Bí a ṣe kọjá lábẹ́ rẹ̀, Etí ibẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ọkọ̀ Ṣíjúadé ti dé. Ìkìlọ̀ kan. Sítíárì wà lọ́wọ́ yín di ọdún tó ń bọ̀. Ìbọn ẹ̀yẹ kò ní ẹ̀sùn nínú, nítorí pé bàbá ti lọ lóòótọ́. Ẹni tó bá yin ìbọn òkú fún alààyè nìkan la máa ń gba sítíárì rẹ̀ títí ayé. Ẹ kú àṣeyọrí, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè, mà."

Ayọ̀ tó wọ inú mi kò pẹ́ rárá. Bí bàbá yìí bá dé Gbọ̀ngàn, ó wà láàyè. Bó bá wà láàyè, a jẹ́ pé èmi ni mo yin ìbọn òkú fún alààyè.

Lẹ́yìn afárá, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀tún lọ sí Gbọ̀ngàn. Òsì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan, kò sì sí ibòmíràn tó jáde sí. Bí mo bá pe òsì, kí a tó wá ibi tí a ó ti yí padà nínú òkúta wọ̀nyẹn, oòrùn á ti wọ̀. Ṣíjúadé mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá mi jiyàn. Mo rí i pé ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ó ń dúró de ẹnu mi. Lẹ́yìn wa, Olóyè ṣì ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí agbádá. Mo sọ fún ara mi pé ó ti jayé tirẹ̀ tán. Mo tún sọ fún ara mi pé Ọlọ́run ń gbọ́.

"Ọ̀tún," ni mo wí. Inú bí mi sí ara mi bí mo ti ń sọ ọ́.

Nígbà tí a dé iwájú Gbọ̀ngàn, Ṣíjúadé fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ láti fa bàbá jáde kúrò lórí táyà. Ó ń fa ohun tó máa gba sítíárì lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, ó sì ń sọ fún un pé kó rọra, kó má fi orí gbá òrùlé ọkọ̀. Ó wù mí kí n já a léèékánná.

"Mo gbọ́ ohun tí Etí sọ lórí afárá," ni Olóyè wí fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mi ò lè bá ọ bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó bá ṣàfojúdi."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ máa lọ. Oòrùn ń wọ̀."

Ó gun àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn náà kò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kò kí i, orúnkún ara rẹ̀ ló fi gùn ún, ó sì ń sinmi díẹ̀ kó tó bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti inú Gbọ̀ngàn, a ń gbọ́ tí Etí ń ki í fún àwọn tó ń kẹ́dùn: akíkanjú, onínúure, ẹni tí kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ rí. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti na jáde láti kan ilẹ̀kùn. Ó wo ilẹ̀kùn náà, ó wo ìwọ̀ oòrùn, ó wá wo Ṣíjúadé tó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí òrùlé rẹ̀ bí ẹni tó ń kí ẹranko ọ̀sìn pé ó dìgbà.

Ó yí padà, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Olóyè," ni mo pè é, "ẹ kò ní wọlé ni?"

"Wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ tán ní rere," ó ní. "Bí mo bá wọlé, ṣe ni mo máa bà á jẹ́."

"Ilé yín ńkọ́? Oyè yín?"

"Àwọn ọmọ á pín ilé. Ẹlòmíràn á gba fìlà." Ó gbé e sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là ń dá. Kí lẹ sè lókè yẹn?"

A dúró tì í títí oòrùn fi wọ̀. Agogo Gbọ̀ngàn lù lẹ́ẹ̀kan, Olóyè Adérìbigbé sì ti kú nìyẹn, kò ku ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ṣíjúadé fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo gbá a mọ́ra, bẹ́ẹ̀ sì rèé, n kì í gbá ènìyàn mọ́ra.

A padà sínú ọkọ̀, òkú wa lórí táyà, a sì kọjú sí òkè. Mo kìlọ̀ fún un dáadáa. Mo ní nílé wa, ilẹ̀kùn kì í kúnlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ ló ń pọn omi, ewúrẹ́ mi kì í kí ẹnikẹ́ni, Dàpọ̀ sì ni ẹni tó ń se oúnjẹ, nítorí náà iyọ̀ lè má sí. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Súfèé tọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí í ga bí ọ̀nà ti ń ga.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá kọ́nà kejì ni bàbá, ẹni tí kò fọwọ́ kan sítíárì rí láyé rẹ̀, bá na ọrùn sí àárín wa. "Ìyá Dàpọ̀, ní ti kọ́nà yẹn, bó bá jẹ́ èmi ni, òsì ni n bá kọ́kọ́ yà kí n tó yà sí ọ̀tún, kí ọkọ̀ lè rí àyè ronú."

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo pòṣé. Ó gùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ahọ́n, ó sì parí sí etí ètè. Ṣíjúadé di èémí rẹ̀ mú. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, tó sì tún ara rẹ̀ tò sórí táyà.

"Ìyá Dàpọ̀," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "mo tún ní ìmọ̀ràn mìíràn."